Ìlà Kan Tó Kù Nínú Áàpù Ilé Ìwòsàn

Ilé ìwòsàn kan ń ṣe áàpù tuntun. Apá-apá ni wọ́n tò ó bí ẹni ń to yàrá mọ́ yàrá: apá ìforúkọsílẹ̀, apá oògùn, apá àyẹ̀wò. Apá kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, atúmọ̀ èdè sì ti sọ gbogbo wọn di Yorùbá tán, àfi ìlà kan ṣoṣo ní apá tó ń ránṣẹ́ sí ẹbí. Ìlà náà ni wọ́n fi ń sọ fún òbí pé ọmọ ti kú.

"Àǹtí, a ti fẹ́ ṣíwọ́ o," Ẹnjiníà tó ń kọ áàpù náà tún pe atúmọ̀ èdè lórí fóònù. "Tí apá kan bá ṣófo, gbogbo áàpù á padà sí Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìlà kan péré! Kí ló le níbẹ̀?"

Ẹni tí kò kàn ló ń pè é ní ìlà kan péré. Lọ́dún tó kọjá, irú àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn wọlé ní Gẹ̀ẹ́sì sórí fóònù ọkọ atúmọ̀ èdè náà, wẹ́dà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin náà rò pé wọ́n ní kí àwọn wá gbé ọmọ àwọn tó wà nílé ìwòsàn lọ sílé ni. Ó sáré délé, ó na fóònù sí ìyàwó rẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín: "Bá mi kà á." Ìdí tí obìnrin náà fi gba iṣẹ́ ìtumọ̀ yìí nìyẹn, iṣẹ́ náà ló sì wá ń pa á lọ yìí.

Ó tẹ "kú", ó pa á rẹ́. Ó tẹ "ṣaláìsí", ó pa á rẹ́. Ẹkún gbọ̀n ọ́n lórí àga. Àbí ta ní ń túfọ̀ ọmọ fún abiyamọ lórí fóònù?

Ọkọ rẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù dé, ó bá a bẹ́ẹ̀.

"Báwo lo ṣe sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ yẹn? Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Mi ò sọ nǹkan kan. Mo kàn dì mọ́ yín ni."

"Ó dáa. Jẹ́ káwọn náà rí ẹni dì mọ́."

Ó kọ ọ́: "Ẹ máa bọ̀ nílé ìwòsàn. Ẹ má dá wá." Kọ̀ǹpútà kọ̀ ọ́, àyè orúkọ ọmọ ò sí níbẹ̀. Ó tún un kọ, ó fi àyè orúkọ sílẹ̀: "Ẹ máa bọ̀ wá bá ...... nílé ìwòsàn. Ẹ má dá wá. Ẹ mú ẹni tó lè dì yín mú dání." Kọ̀ǹpútà gbà á. Ó fi í ránṣẹ́ sí Ẹnjiníà kó tó yí ọkàn padà.

Wẹ́dà tẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà, ó ń kà á lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó dé ibi àyè tó ṣófo, kò fò ó. Orúkọ ọmọbìnrin wọn ló pè síbẹ̀. Láti ọjọ́ ìsìnkú, kò sẹ́ni tó tíì pe orúkọ náà nínú ilé yẹn.

Fóònù tún ń dún, Ẹnjiníà ni. Obìnrin náà ò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ tún un kà," ló wí fún ọkọ rẹ̀.