Ilé Tí Wọ́n Fẹ́ Fi Orúkọ Mi Pè

Ẹ jẹ́ kí n rọ́ àlá tí mo lá lánàá fún yín, nígbà tí oorun ọ̀sán gbé mi lọ. Mo bá ara mi ní Ìkirè, níwájú ilé tí mo ti háyà yàrá kan nígbà tí mò ń kọ ìwé kan ṣoṣo tí mo kọ láyé mi. Ilé náà ti kúrò nílẹ̀. Ó léfòó lókè, ó ga tó igi ọ̀pẹ. Mo rí àkàbà, mo gùn ún, mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè ìdí.

Òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó wọ kóòtù pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ káàbọ̀, sà. Ìjọba ti sọ ilé òǹkọ̀wé ńlá di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí gbogbo ará ìlú lè wọ̀."

Mo gbọn agbádá mi. "Èmi gan-an ni òǹkọ̀wé náà."

"Ẹ má bínú, sà, òǹkọ̀wé náà ti kú. Bó bá wà láàyè, kí la fẹ́ fi ilé rẹ̀ ṣe?"

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu lójú mi. Mo kàn ní kó bi àga tí mo máa ń jókòó lé kọ̀wé. Àga wúkọ́.

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa," ni àga wí. "Ó máa ń sùn lórí mi. Ti ìwé kíkọ, n ò rí i."

Kí n tó fèsì, òṣìṣẹ́ ìjọba ti di òbúkọ, kóòtù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó fa ìwé mi lórí tábìlì, ó ń jẹ ẹ́ ní ewé kọ̀ọ̀kan. Inú mi dùn: òun lẹni àkọ́kọ́ tí yóò bá ìwé náà dé òpin.

"Báwo ló ṣe rí?" ni mo bi í.

"Ó gùn jù," ni òbúkọ wí, ó sì gbé èyí tó kù mì.

Ìgbà náà ni mo rí i pé kò sí àlejò kankan nínú yàrá mi. Ilé ìdáná ni gbogbo wọn kún sí. Ìyá Múìbátù, onílé wa tó ti kú tipẹ́, ló jókòó níbẹ̀ tó ń dín dòdò. Wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sára ògiri: obìnrin tí kò jẹ́ kí ebi pa ayálégbé rẹ̀ kan. Wọn ò kọ orúkọ ayálégbé ọ̀hún.

Ó dùn mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń pe ara mi ní òǹkọ̀wé, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Mo ṣí fìlà, mo dọ̀bálẹ̀. Ó wojú mi.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ti jẹun?"

Kí n tó dáhùn, ìyàwó mi ti ń jí mi. "Bàbá Tinúọlá, ẹ dìde o, ọbẹ̀ ń tutù."

Mo lajú, mo bi í bóyá ó tiẹ̀ ti ka ìwé mi rí.

Ó ní kí n lọ fọwọ́.