Àtẹ̀gùn Mẹ́rìnlá

Ẹnu mi ló kó bá mi. Ọmọbìnrin mi ra kápúsù wá fún làkúrègbé orúnkún mi, ó ní kì í ṣe oògùn, àfikún oúnjẹ ni. Mo lò ó fún oṣù méjì, orúnkún ò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tó bi mí, mo ní ó ń ṣiṣẹ́, kí inú ọmọ lè dùn.

Ló bá pa iṣẹ́ aránṣọ tì, ó ń ta kápúsù. Irọ́ mi wá ń rìn jù mí lọ. Gbogbo Sátidé ni àwọn oníbàárà ń jókòó sí pálọ̀, tí èmi á sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá láì di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, kí wọ́n lè rí i pé kápúsù ń ṣiṣẹ́. Wọn ò mọ̀ pé oògùn ìrora tí dókítà fún mi ni mo kọ́kọ́ ń gbé mì. Inú ìbọ̀sẹ̀ kan ní yàrá mi ni mo ń fi í pamọ́ sí.

Lánàá, ìyá kan tí orúnkún tirẹ̀ náà wú di ọwọ́ mi mú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n dá oògùn dókítà dúró, kí n máa lo eléyìí?"

Ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu mi. "Ẹ má dá a dúró. Èmi gan-an ò dá tèmi dúró."

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín. "Màámi kúkú fẹ́ràn àwàdà. Màámi, ẹ gun àtẹ̀gùn padà, kí wọ́n fojú ara wọn rí i."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Oògùn ti ń tán lára mi, òkè sì ni ìbọ̀sẹ̀ wà.