Ilé Ìgbẹ̀bí Tó Wà Níbi Méjì

Kẹ̀kẹ́ tún ti gbé aláboyún lọ bá onísọ́fà dípò agbẹ̀bí.

Nígbà tí Afusat gbọ́, ó gbé páálí oògùn ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní kí Taofeek jókòó. Taofeek ò jókòó.

"Ẹ̀jẹ̀ ló ń dà lára rẹ̀, Àǹtí," ni Taofeek wí. Òun ló ń darí àwọn awakọ̀ tí ń fi kẹ̀kẹ́ gbé aláboyún lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ìkàtẹ́, tí àdúgbò ń pè ní Kẹ̀kẹ́ Ìyá. "Fẹ́rànmí lorúkọ rẹ̀. Wọn ò tíì pẹ́ tí wọ́n kó dé, kò mọ ọ̀nà. Awakọ̀ náà ò mọ̀ ọ́n. Fóònù ní kó yà síhà etíkun, ó yà. Kí wọ́n tó sọdá títì padà dé ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì Àjíkẹ́ agbẹ̀bí, obìnrin náà ti dákú."

"Ṣé ó wà láàyè?"

"Ó wà láàyè. Ọmọ náà wà. Nọ́ọ̀sì ní díẹ̀ ló kù." Taofeek fi ọwọ́ nu ojú. "Ẹ̀yin lẹ ní ká máa lo Àká Ìmọ̀ yìí. Ẹ ní kò sí èyí tó péye tó o. Lọ́jọ́ Ẹtì la máa kó ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú fóònù àwọn awakọ̀, ohun tí a bá sì kó lọ́jọ́ náà la ó máa lò títí di oṣù Ọ̀pẹ. Bí ọ̀dọ̀ onísọ́fà bá ṣì ni wọ́n ń júwe, Àǹtí, ẹ wá bá wa wá ẹni tó máa túfọ̀ ìyàwó fún àwọn ọkọ wọn."

 Afusat ló fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe onígbọ̀wọ́ Àká fún wọn. Bí obìnrin kan bá kú sójú ọ̀nà, ọrùn rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ náà wà.

Apòògùn ni. Ajah ló ń gbé, Ìkàtẹ́ ló ti ń ta oògùn, ó sì wà lára àwọn tí ń kọ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa àdúgbò wọn sínú Àká Ìmọ̀ lórí ayélujára láìgba kọ́bọ̀. Wọ́n ń kọ ibi tí ọjà wà, ibi tí ilé ìwé wà, ẹni tó jẹ́ ìmáàmù, ibi tí odò ti ń kún. Ìbéèrè kan lè ní ìdáhùn méjì tàbí mẹ́ta, torí náà Àká ní ipò mẹ́ta tí a lè fi ìdáhùn sí: Iwájú, Àárín àti Àṣìṣe. Èyí tó bá wà ní Iwájú ni fóònù àwọn awakọ̀ ń kà. Kò mọ òmíràn.

Ilé ìgbẹ̀bí Nọ́ọ̀sì Àjíkẹ́ ti kúrò lẹ́bàá etíkun látìgbà tí onílé ta ilé náà. Ó ti sọdá títì, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sáláṣí. Gbogbo ẹni tó ti pẹ́ ní Ìkàtẹ́ ló mọ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Akínọ̀ṣọ́ ló kọ ti àtijọ́ sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Awọnlẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá Akínọ̀ṣọ́. Òun ló dá ẹgbẹ́ àwọn tí ń kọ Àká sílẹ̀ láti Ọnírù títí dé Ṣàngótẹ̀dó, òun náà sì ni alábòójútó. Nínú ẹgbẹ́ yìí, lọ́yà wà, oníbáńkì wà, wòlíì onísùtánà funfun kan wà tó mọ ẹ̀rọ ju gbogbo wọn lọ. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó jẹ́ gbé ìdáhùn tirẹ̀ sórí ti Bàbá. Bí ti Bàbá bá tilẹ̀ ti gbó, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń rọra kọ tiwọn sí, wọ́n á sì ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà." Ọjọ́ orí ẹni tó kọ̀wé ni wọ́n ń wò. Wọn ò wo ọjọ́ orí ohun tó kọ.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ Fẹ́rànmí dé ẹgbẹ́, Dàmọ́lá, ọ̀kan nínú àwọn oníbáńkì, ló kọ́kọ́ ta félefèle. Ó pa ìdáhùn Bàbá rẹ́ pátápátá. Bàbá dá a padà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Afusat bínú sí Dàmọ́lá pé a kì í pa nǹkan rẹ́ nínú Àká, ó sì lọ ṣe èyí tó rò pé ó dára jù: ó mú ìdáhùn Bàbá, ó fi í sí ipò Àṣìṣe.

Wáàsáàpù ẹgbẹ́ gbiná.

"Ta ló pè mí ní òpùrọ́ lójú gbogbo ayé?" ni Bàbá kọ.

"Ẹ má bínú sà," ni lọ́yà kọ.

"Bàbá, ilé ìgbẹ̀bí ti kó lọ o," ni Dàmọ́lá kọ. "Ṣé ká dá a padà sétíkun nítorí yín ni?"

"Dàmọ́lá, ṣé bí o ṣe ń bá bàbá tó bí ẹ sọ̀rọ̀ nílé nìyẹn?"

"Bàbá tèmi mọ̀ tí nǹkan bá ti kó lọ."

 Bàbá Akínọ̀ṣọ́ dá ìdáhùn rẹ̀ padà sí Iwájú, ó sì ti ojú ewé náà pa. Alábòójútó nìkan ló lè ṣí i. Ìyẹn ni pé ẹni tí wọ́n ń bá jà nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́.

Lọ́jọ́bọ̀, ọjọ́ Ẹtì ku ọ̀la, Afusat ti ilé ìta oògùn rẹ̀, ó wọkọ̀ lọ sí Ọnírù.

Bàbá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé orúnkún tó ń dùn ún lé àpótí. Afusat kúnlẹ̀. Bàbá ò ní kó dìde.

"Afusat apòògùn. Ṣé níwájú orí mi lo fẹ́ wá tẹ àmì Àṣìṣe náà sí wàyí?"

"Ẹ má bínú, sà. Obìnrin kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kú nítorí…"

"Mo gbọ́. Dá mi lóhùn ná. Lọ́dún 2016 tí mo kọ ọ́, ṣé ilé ìgbẹ̀bí wà níbi tí mo ní ó wà, àbí kò sí?"

"Ó wà níbẹ̀, sà."

"Ṣé mo fi àgbọ́sọ kọ ọ́ ni?"

"Rárá, sà. Ẹ fi ẹsẹ̀ yín débẹ̀."

"Nígbà tí orúnkún ṣì gbọ́ràn. Kí wá ni àṣìṣe tó wà ńbẹ̀?"

 Nílé ìta oògùn rẹ̀, Afusat ní àpótí méjì lẹ́yìn káńtà. Oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá wà nínú ọ̀kan. Ayédèrú oògùn tí ó bá já lọ́wọ́ àwọn onípátẹ wà nínú èkejì. Ọmọ iṣẹ́ tó bá da méjèèjì pọ̀, ọjọ́ náà ló ń lé e. Ohun tó gbéṣẹ́ lánàá tí kò gbéṣẹ́ lónìí kì í ṣe ẹgbẹ́ ohun tí kò gbéṣẹ́ rí.

"Mo jẹ̀bi, sà," ló wí. "Oògùn rere tí ọjọ́ rẹ̀ kọjá ni mo kó sínú àpótí ayédèrú. Ipò Àárín ló tọ́ sí tiyín, kí a kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí sí i lára. Kó máa jẹ́ òótọ́ ìgbà tirẹ̀. Kì í ṣe Àṣìṣe."

"Ẹ̀n-ẹ́n!" Bàbá lu àpá àga. "Ohun tí mo ń retí kí ẹnì kan sọ láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Gbogbo wọn kàn ń bẹ̀ mí. Ta ló ní kí wọ́n bẹ̀ mí? Dìde ńlẹ̀."

Afusat dìde. "Ṣé ẹ ó ṣí i, sà? Ọ̀la ni Ẹtì."

"Rárá."

Afusat tún kúnlẹ̀.

"Èwo ló fẹ́ wá sí Iwájú? Ta ló rí i? Ta ló wọ̀n ọ́n?"

"Gbogbo Ìkàtẹ́ ló mọ̀ ọ́n, sà."

"Gbogbo Ìkàtẹ́ kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Mi ò bá wọn fi gbọ́-sọ-gbọ́-sọ lé nǹkan síwájú rí, orí aláboyún kọ́ ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Gbé ọ̀pá mi. Ibi àtijọ́ la ó kọ́kọ́ dé. Bí a bá fẹ́ sọ pé nǹkan ti parí, ó yẹ ká rí òpin rẹ̀."

Wọ́n wọkọ̀ dé ẹnu Ìkàtẹ́, wọ́n bọ́ sínú kẹ̀kẹ́, wọ́n yà síhà etíkun. Níbi tí ilé ìgbẹ̀bí wà nígbà kan, fóòmù kún ilẹ̀, igi sọ́fà dúró láìlẹ́ran bí egungun màlúù. Bùsàrí onísọ́fà sáré jáde nígbà tó gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́.

"Kì í ṣe ibí o! Ẹ sọdá títì!" Ó wo inú kẹ̀kẹ́, ó rí àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun. "Bàbá, ẹ̀yin náà lóyún ni?"

Afusat fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

"Ṣé wọ́n ń wá síbí púpọ̀?"

"Àwọn aláboyún? Hàà, ẹ wo sọ́fà ẹnu ọ̀nà yìí, sà. Kì í ṣe títà. Tiwọn ni. Ọ̀gá kan láti Ọnírù fẹ́ rà á, mo ní rárá, bí ẹni tó ń rọbí bá dé ńkọ́, ṣé orí ìṣó ni kó jókòó?" Ó nawọ́ sí ògiri, níbi tó fi ẹfun kọ ọ́ gàdàgbà pé, A Ò GBẸ̀BÍ NÍBÍ MỌ́. "Mo kọ ọ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rọbí kì í kàwé, sà. Èyí tó dé kẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni mo fi omi fọ̀ nílẹ̀ yìí. Wọ́n ní ẹ̀rọ ló ń darí wọn. Bí ọwọ́ mi bá tẹ ẹni tó kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ náà, abẹ́rẹ́ tí mo fi ń rán awọ sọ́fà yìí ni mo máa…"

"Èmi ni," ni Bàbá wí.

Bùsàrí wo Afusat. Afusat wo ilẹ̀. Bùsàrí dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú èérún fóòmù.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà! Mi ò mọ̀!"

"Dìde. Òótọ́ lo sọ." Bàbá wo ògiri, ó wo ilẹ̀ tí wọ́n fọ̀, ó tún wo ògiri. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Òótọ́ ni mo kọ, òótọ́ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ènìyàn. Mo jókòó sílé, mo ń ṣọ́ iwájú bí ẹni ń ṣọ́ oyè. Afusat, ká lọ. Àkókò ń ṣòfò."

Nọ́ọ̀sì Àjíkẹ́ pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà ilé tuntun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sáláṣí. Ó mọ ìgbà tó kó débẹ̀, kò sì ronú kó tó sọ ọ́: ọjọ́ kejì Iléyá, ọdún 2023, torí ẹran Iléyá ni àwọn aládùúgbò fi kí i káàbọ̀. Fẹ́rànmí wà lórí ibùsùn nínú ilé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Bàbá ò wọlé. Ó dúró lójú oòrùn ní ẹnu ọ̀nà, ó gbé fóònù sókè, ó dúró títí ẹ̀rọ fi mọ ibi tó wà, ó tún sún díẹ̀, ó tún dúró. Bó ṣe ń wọnlẹ̀ nígbà èwe rẹ̀ nìyẹn: kò gba ìdáhùn ẹ̀ẹ̀kan.

Ó ṣí ojú ewé tó tì pa. Ó mú ìdáhùn tirẹ̀ kúrò ní Iwájú, ó fi í sí Àárín, ó kọ ọdún tí ó parí sí i lára. Lẹ́yìn náà ni ó na fóònù sí Afusat.

"Gbé tuntun síwájú. Ìwọ lo jà fún un."

Afusat tẹ̀ ẹ́. Ó wo ọ̀rọ̀ náà, Iwájú, tó fara hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tó wà níwájú rẹ̀ gan-an, ó sì pariwo, "Alhamdulillah!", débi pé àwọn tó ń ṣe àlùwàlá ní mọ́sáláṣí yíjú wò ó. Kò tijú.

Kí wọ́n tó padà dé Ọnírù, Bàbá ti kọ̀wé sí ẹgbẹ́. Kò gùn. Ó ní, "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà mi pọ̀ nínú Àká. Ẹ má sun ún, ẹ má sì pè é ní ohun tí kì í ṣe aṣọ rí. Ẹ ká a sẹ́yìn, kí ẹ kọ ọjọ́ tó gbó sí i lára. Láti òní lọ, ẹni tó bá fi ti èmi Akínọ̀ṣọ́ síwájú nítorí irun orí mi, màá yọ ọ́ kúrò lẹ́gbẹ́. Dàmọ́lá, ìwọ ni kí o bẹ̀rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ẹnu rẹ ti mú tó bẹ́ẹ̀."

 Lẹ́yìn náà Dàmọ́lá kọ, "Mo dọ̀bálẹ̀ sà. Mo ti bẹ̀rẹ̀." Ẹgbẹ́ sì ya bo iṣẹ́. Lọ́yà rí ilé ìwé tó ti yí orúkọ padà. Wòlíì rí ẹsẹ̀ odò tí wọ́n ti fi yanrìn dí. Ìdáhùn tó ti gbó ń lọ sẹ́yìn pẹ̀lú ọjọ́ lára, tuntun ń jókòó síwájú pẹ̀lú ẹlẹ́rìí, kò sì sí ẹni tó ń sọ pé "Ẹ jọ̀ọ́ sà" mọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, Taofeek kó gbogbo rẹ̀ sínú fóònù àwọn awakọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́ díẹ̀, Nọ́ọ̀sì Àjíkẹ́ fi ohùn ránṣẹ́ sí Afusat, Afusat sì gbé e sínú ẹgbẹ́ kí gbogbo wọn gbọ́. Nọ́ọ̀sì ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní aláboyún kan láti ẹ̀yìn etíkun pe kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ gbé e wá tààrà láìyà síbì kankan, ìbejì ni. Lẹ́yìn ohùn rẹ̀ ni ẹkún ọmọ, ọ̀kan kọ́kọ́ ké, èkejì sì tẹ̀ lé e, ó ké ju àkọ́kọ́ lọ.

Ayọ̀ gba ẹgbẹ́ kan. Àwọn kan ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àwọn kan ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá, Bùsàrí tí Afusat ti fà wọ ẹgbẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà kọ pé òun ti ta sọ́fà ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ń retí kí Bàbá sọ̀rọ̀ ìbùkún.

Bàbá Akínọ̀ṣọ́ kọ̀wé níkẹyìn.

"A dúpẹ́. Ìbejì káàbọ̀. Afusat, mo ti sọ ẹ́ di alábòójútó, o ò gbọdọ̀ kọ̀. Ta ló ní ọjà Ṣàngótẹ̀dó ṣì wà níbi tí mo kọ ọ́ sí? Kí ẹnì kan wá gbé mi lọ wò ó láàárọ̀ ọ̀la."