Àlejò Asiat

Ìgbà tí gbogbo wọn jókòó tán sídìí tábìlì àsè lẹ́yìn àdúrà ni Waheed tó rí i pé wọn ò kọ orúkọ òun sára káàdì tó wà níwájú àwo òun. "Àlejò Asiat" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ti Asiat ìyàwó rẹ̀ ní orúkọ nínú. Ti ọkùnrin tó jókòó lápá ọ̀tún Asiat náà ní: Tèmítáyọ̀ Ọlájíre.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tó ti wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti bí ẹgbẹ̀ta ọdún ló se àsè náà. Ọdọọdún ni wọ́n ń wá sí Dubai wá ṣe é fún àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n sì ṣe ń ṣe é nílé náà ni wọ́n ń ṣe é ní òtẹ́ẹ̀lì yìí. Wọ́n á wọ gáùn dúdú, wọ́n á lu agogo, ọ̀gá wọn á gbàdúrà ní èdè Látìnì.

Asiat ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní Sharjah. Waheed ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí kan ní Dubai Investments Park. Yàrá kan ni wọ́n ń gbé ní Al Nahda, àwọn àti ìdílé méjì mìíràn ló jọ ń lo kíṣíìnì. Láti ọdún méjì, ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀ nídìí laptop ni Waheed mọ̀. Kò tíì rí i báyìí rí, nínú gáùn, tó ń bá ọkùnrin mìíràn rẹ́rìn-ín.

Ó ti gbọ́ orúkọ Tèmítáyọ̀ lẹ́nu rẹ̀ dáadáa. Ẹnjiníà ni, Al Taawun ní Sharjah ló ń gbé, kọ́lẹ́ẹ̀jì náà gan-an ló sì ti jáde nígbà kan. Òun ni wọ́n ní kó máa tọ́ Asiat sọ́nà. Ohun tí Asiat ò sọ ni pé ọkùnrin náà ga, irùngbọ̀n rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń funfun lọ́nà tó yẹ ẹ́. Fọ́ọ̀kì mẹ́ta ló wà níwájú oníkálukú. Waheed ń yọjú wo èyí tí Tèmítáyọ̀ bá mú, kí òun náà tó mú un. Ìyẹn dùn ún ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Tèmítáyọ̀ bá yíjú sí i. "Waheed, ẹ ṣeun gan-an o. Kì í ṣe gbogbo ọkọ ló máa yọ̀ǹda ìyàwó rẹ̀ fún ọdún kan gbáko."

Asiat sorí kodò. Waheed rẹ́rìn-ín bí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀, ó nu ẹnu, ó dìde, ó sì jáde.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Asiat ti bá a. Ó ṣàlàyé pé láti oṣù tó kọjá ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ti kọ̀wé sí òun pé kí òun wá lo ọdún tó kù lọ́dọ̀ wọn, àwọn ló máa gbọ́ bùkátà gbogbo. Ọ̀la ló yẹ kí òun fún wọn lésì.

"Òun lo kọ́kọ́ sọ fún," Waheed wí.

"Òun ló kọ lẹ́tà tó tì mí lẹ́yìn. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀."

"Èmi ńkọ́?"

Asiat ń fọwọ́ pa etí gáùn rẹ̀. "Mo ti kọ èsì pé mi ò lọ, mi ò tíì fi ránṣẹ́ ni. Tí mo bá ti ṣí laptop yẹn, ẹ kì í bá mi jà, ẹ kàn máa ń jáde nílé ni. Tí mo bá wá lọ sílùú òyìnbó, ibo lẹ máa jáde sí?"

Waheed fẹ́ bú Tèmítáyọ̀, àmọ́ òótọ́ ni Asiat sọ. Ìwé rẹ̀ kò kọjá OND tó gbà ní Ìlaròó. Ó ti rò pé òun máa padà sílé ìwé, kò padà. Tó bá ti gbọ́ ohùn olùkọ́ nínú laptop, ìyẹn á wá sí i lọ́kàn, á sọ̀ kalẹ̀ lọ dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù ọmọ Íńdíà tó wà nísàlẹ̀ títí wọ́n á fi ṣe tán. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó wá mọ̀ pé ká ní arúgbó tàbí obìnrin ni Tèmítáyọ̀, ìrọ̀lẹ́ òní ì bá dun òun bákan náà.

"Ká ní kò sí tèmi níbẹ̀, ṣé wàá fẹ́ lọ?"

"Mo fẹ́ lọ," Asiat dáhùn. Kò fi "àmọ́" kankan kún un.

Nígbà tí wọ́n padà wọlé, ó ṣì ń dun Waheed. Wọ́n ti pààrọ̀ àwo. Tèmítáyọ̀ ti mọ ohun tí ẹnu òun ṣe, kò lè gbójú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n," Waheed pè é, "òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Irú ẹ̀wù wo ló yẹ ká rà fún un kó tó máa lọ?"

Tèmítáyọ̀ kọ́kọ́ wo ojú Asiat kó tó dáhùn. Waheed fa àga rẹ̀ súnmọ́ wọn, kó lè gbọ́ dáadáa.