Omi Wa Tutù Jù fún Ẹ

Láti àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ni Tamsin ti tẹjú mọ́ ojú ewé tó ṣe sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sì sẹ́ni tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Rárá, irọ́ ni, ẹnìkan wà: Barrie, akọ̀wé ẹgbẹ́, tó fi ímeèlì tirẹ̀ dán an wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Adágún ìwẹ̀ tí àwọn ará Tallow Head ayé àtijọ́ fi òkúta àti símẹ́ǹtì kọ́ sí etí òkun ti la lára ògiri, káńsù sì máa pinnu ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ bóyá kí wọ́n tún un ṣe ni o, tàbí kí wọ́n kó àpáta dí i pa. Káńsílọ̀ Venn ti sọ ọ́ lójú gbogbo ayé pé àwọn arúgbó mẹ́ta pẹ̀lú ẹyẹ òkun nìkan ló ń lò ó nígbà òtútù. Ohun kan ṣoṣo tó lè pa á lẹ́nu mọ́ ni kí èrò rẹpẹtẹ fi ímeèlì wọn sílẹ̀ pé àwọn fẹ́ máa wá lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Tamsin ló ní òun á ṣe ojú ewé tí wọ́n á ti fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe jẹun ní Sydney nìyẹn, kó tó padà wálé wá bá ìyá àgbà rẹ̀ gbé, Verna, tí gbogbo ìlú ń pè ní Nana, lẹ́yìn tí Col ọkọ Nana kú.

Ojú ewé tó kọ́kọ́ ṣe dára. Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ òlúwẹ̀ẹ́ ló bà á jẹ́. Ní Tallow Head, èèyàn kì í pààrọ̀ gílóòbù iná láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ mu tíì lé e lórí kí wọ́n sì nawọ́ dìbò. Barrie ní kí wọ́n fi ìtàn ògiri sí i. Ẹlòmíràn ní kí fọ́tò gbogbo alága àná má ṣàì wà níbẹ̀, ẹlòmíràn tún fẹ́ àyè fún nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì àti ọjọ́ ìbí. Nígbà tí wọ́n fi ṣe tán, èèyàn lè se ẹyin jinná kí ojú ewé náà tó ṣí lórí fóònù. Lókè pátápátá, ní lẹ́tà gàdàgbà, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: *Adágún wa kò fi bẹ́ẹ̀ burú.*

"Barrie, ẹ gbọ́ ná," ni Tamsin wí nígbà náà. "Ta ló máa dìde lórí bẹ́ẹ̀dì tó gbóná nítorí ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ burú?"

"Ṣé o fẹ́ ká wá máa fọ́nnu ni?" Ojú ti Barrie fún un. "Ṣé ará Sydney ni wá ni?"

Gbogbo ìgbìmọ̀ nawọ́ pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ yẹn, ẹni tó bá yin ohun ìní ara rẹ̀ lójú èèyàn, wọ́n á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n á fi sin ín ni.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Tamsin bá Nana sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí adágún, inú rẹ̀ bàjẹ́ kọjá sísọ. Nana jókòó sórí àga oníke rẹ̀, ó wọ kóòtù Col tó bò ó dé kókósẹ̀, ó gbé fúláàsì tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òun àti Col kì í pa àárọ̀ kan jẹ nínú omi yẹn tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí Col ti kú, kò tíì ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó ní ìbàdí ló ń dun òun. Tamsin mọ̀ dájú pé kì í ṣe ìbàdí.

Ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan tó ṣe ẹnu rẹ̀. Ọkùnrin kan tó gbé jákẹ́ẹ̀tì bàǹtàbanta wọ̀ fara ti irin lókè, ó ń ya fọ́tò ìgbì. Nana rí i.

"Ìwọ! Oníjákẹ́ẹ̀tì! Máa ya fọ́tò ẹ lọ, jàre. Má wulẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá síbí o. Omi wa tutù jù fún ẹ."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" ni ọkùnrin náà dáhùn.

"Èmi ni! Mo ti rí irú yín rí. Ẹ ó máa ti ìka ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó wá máa ké pe ìyá yín."

Ló bá di pé ọkùnrin náà ń sáré bọ́ọ́lẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń ju bàtà síbí, ó ń ju jákẹ́ẹ̀tì sọ́hùn-ún. Ó fò gbùú sínú omi. Igbe tó ké nígbà tó yọrí, àwọn ẹyẹ òkun fò kúrò lórí ògiri. Ó jáde, ara rẹ̀ pọ́n, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, ẹ̀rín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

"Ọ̀la ńkọ́?" ló ń bi Nana. "Aago mélòó lẹ máa débí lọ́la?"

Orí Tamsin wú. Ó ti ya fọ́tò ọkùnrin náà bó ṣe la ẹnu gbàgà nínú omi. Àwọn èèyàn òun yìí kò lè fọ́nnu, ẹnu wọn ò gbà á. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ ọ́n bú! Ẹni tí wọ́n bá sì bú, ńṣe ló máa ń rò pé wọ́n ti kó òun mọ́ra.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè lo fọ́tò yín yìí?"

"Feroz lorúkọ mi. Lò ó! Àmọ́ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ síyàwó mi, kò ní gbà mí gbọ́."

Tamsin sáré gun òkè lọ sílé, kò tilẹ̀ rántí kí Nana pé ó dàbọ̀. Ó yọ ìtàn ògiri dànù. Ó yọ àwọn alága, ó yọ nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì àti ọjọ́ ìbí. Ó gbé ẹnu Feroz tó là gbàgà sí ojú ewé náà láti òkè délẹ̀. Ó wá kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé: *Omi wa tutù jù fún ẹ.* Lábẹ́ rẹ̀: *Fi ímeèlì rẹ sílẹ̀, ká lè máa bú ẹ ní gbogbo Sátidé.* Àyè kan ṣoṣo fún ímeèlì, àti bọ́tìnnì pupa ńlá kan. Ohun tó kọ sára bọ́tìnnì náà ni: *Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?*

Kò pẹ́ tí fóònù fi dún. Barrie ni.

"Tamsin! Níbo ni ògiri mi wà? Èyí ò gba ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ kọjá!"

"Ẹ pe ìpàdé, Barrie. Ọjọ́ Ẹtì á dáa gan-an."

"Káńsù á ti dìbò tán lọ́jọ́ Ẹtì!"

"Ẹ̀yin náà mọ̀."

"Èmi náà ti tẹ bọ́tìnnì ẹ̀," ni Barrie wá sọ, ó sì já fóònù.

Tamsin ti ṣètò fóònù rẹ̀ kó máa dún tíń bí ẹnikẹ́ni bá ti forúkọ sílẹ̀. Òun àti Nana ń jẹ búrẹ́dì yíyan nígbà tó dún tíń. Wọ́n wo ara wọn. Ó tún dún. Nígbà tí Nana fi máa da tíì tán, ńṣe ni fóònù náà ń gbọ̀n rìn lórí tábìlì.

"Ta ní ń pè ẹ́ báyìí?"

"Kì í ṣe ìpè, Nana. Èèyàn ni! Èèyàn ni gbogbo wọn!"

Kì í ṣe pé wọ́n ń forúkọ sílẹ̀ nìkan, wọ́n ń fi ojú ewé náà bú ara wọn káàkiri. Àwọn nọ́ọ̀sì fi ránṣẹ́ sí àwọn dókítà, *ẹ̀yin ni wọ́n ń bá wí.* Àwọn apẹja fi ránṣẹ́ sí àna wọn. Olùkọ́ kan fi orúkọ gbogbo àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ní àwọn máa fìyà jẹ ẹ́. Inú Tamsin dùn débi pé ó ń jó yí àga ká, Nana sì ń pe èébú Sátidé fún un láti ibi ìfọbọ́: "Kọ ọ́ pé, ìyá tó bí mi wẹ̀ ẹ́ nínú oyún, kò mí gúlegúle. Ṣé o ti kọ ọ́?"

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, wọ́n jókòó sínú gbọ̀ngàn káńsù. Káńsílọ̀ Venn dìde, ó tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ arúgbó mẹ́ta. Tíń, ni báàgì Tamsin dún. Venn tún ń sọ̀rọ̀ lọ. Tíń, tíń.

"Arábìnrin, ẹ pa nǹkan yẹn!" ni alága pariwo.

"Ẹ má bínú, sà. Àwọn arúgbó mẹ́ta yẹn ni."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó fẹ́ kí wọ́n tún ògiri ṣe nawọ́, ọwọ́ pọ̀ níbẹ̀, ti Venn ló gbẹ̀yìn, ó rọra gbé e sókè bí ẹni tí apá ń dùn.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Àìkú, èrò kún etí adágún bámúbámú, tówẹ̀lì léjìká, èéfín ń jáde lẹ́nu wọn. Feroz wà níbẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀. Barrie ń pín ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ gbígbóná nínú ife. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wọ omi. Gbogbo wọn kọjú sí obìnrin tó wọ kóòtù ọkọ rẹ̀ lórí àga oníke.

"Nana, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́!" ni ẹnìkan kígbe.

"Ẹ máa wọ̀ ọ́ lọ. Ìbàdí ń dùn mí." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Kò wojú ẹnikẹ́ni.

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Tamsin, kò bú ìyá àgbà rẹ̀ rí, kò tilẹ̀ fi ṣeré. Ó fẹ́ràn rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó la ẹnu, ó sọ ọ́ kí gbogbo èèyàn lè gbọ́:

"Ẹ jókòó yín jẹ́ẹ́, Nana. Omi ti tutù jù fún yín."

Barrie gbàgbé ṣíbí sínú ọbẹ̀. Nana yíjú sí ọmọ ọmọ rẹ̀, ó wò ó, ó wò ó, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì kóòtù Col láti òkè wá sísàlẹ̀.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" ni Nana wí.

Ó gbé kóòtù náà lé Tamsin lọ́wọ́, ó sì gba àtẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀ sínú omi. Kò ti ìka ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.