Abọ́ Kan fún Ọmọ Méjì

Ìyá Ṣadé, mi ò tíì lè jẹun láti àárọ̀ nítorí àlá tí mo lá. Bọ́lá, ọmọ mi àgbà tó ń kọ́ Java, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ló fà á. Lánàá, ó fi bí kọ̀ǹpútà ṣe ń pín orúkọ hàn mí: orúkọ á máa ṣàn kọjá bí omi odò, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì bọ́ sábẹ́ kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ìyẹn àmì tí wọ́n fi ń ṣà á sọ́tọ̀. Ó ní bí méjì bá ní kọ́kọ́rọ́ kan náà, èèyàn gbọ́dọ̀ sọ bóyá kí wọ́n jọ wà níbẹ̀ ni, tàbí kí ọ̀kan lọ.

Lójú àlá, àwọn ọmọ ilé ìwé ni omi ń gbé bọ̀. Obìnrin kan ń kó wọn sínú abọ́ tí a kọ orúkọ bàbá àti kíláàsì sí lára. Nígbà tó kan Káyọ̀dé àti Délé, àwọn ọmọkùnrin mi, abọ́ kan ṣoṣo ló wà. O mọ̀ pé Káyọ̀dé tún kíláàsì ṣe, àbúrò rẹ̀ sì ti bá a níbẹ̀.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ wọ̀ ọ́."

Obìnrin náà ní, "A ò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Mọ́mì; ọmọ kan ṣoṣo ni abọ́ kan ń gbà. Èwo ni kí n mú?"

Mo nawọ́ sí Délé. Káyọ̀dé ò sunkún. Ó ní, "Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀," omi sì gbé e lọ.

Má sọ fún mi pé àlá lásán ni. Nígbà tí mo gbé oúnjẹ fún Káyọ̀dé láàárọ̀ yìí, mi ò lè wo ojú rẹ̀. Mi ò tilẹ̀ ronú kí n tó nawọ́.