Ìyá Mi Kúnlẹ̀ Kí Mi

Àbẹ̀kẹ́, mo rí ìyá mi lójú àlá lánàá. Wọ́n ń fẹ́ iná nínú ilé ìdáná wa àtijọ́, wọ́n ṣì kéré lọ́jọ́ orí bí ìgbà tí wọ́n kú, ewú kankan ò sí lórí wọn. Bí wọ́n ṣe rí ewú tèmi, wọ́n kúnlẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, mà."

Mo ní, "Màmá, ẹ dìde, ọmọ yín ni mí."

Wọ́n ní, "Ṣùgbọ́n ẹ ti jù mí lọ báyìí."

Ni èmi náà bá kúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ dìde nínú àwa méjèèjì, ẹ̀wà sì ń jóná lórí ààrò. Bí mo ṣe jí, orúnkún ń ro mí. Ìwọ náà wò ó, ta ló yẹ kó kọ́kọ́ dìde?